Ẹ̀rí Ọjọ́ Kan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Olúwa tó dá ẹ̀mí wa sí di òní yóò jẹ́ kí a ṣe ogún ọdún, kí a tún ṣe àádọ́ta.

Ìròyìn iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ti ṣe wà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn aláṣẹ ní kí a sọ lónìí jẹ mọ́ ara wa. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò tíì pé ogójì ọdún. Lónìí, a ti kọjá ogójì, àádọ́ta sì ti ń wò wá lókèèrè. Láàárín ọdún mẹ́wàá yìí, a ti sin mẹ́ta nínú wa. Rọpárọsẹ̀ ló mú méjì lọ lójijì. Kò sí ẹni tó lè sọ iye tí ìfúnpá wọn jẹ́ kí wọ́n tó ṣubú, nítorí wọn kò wọ̀n ọ́n rí. A ra aṣọ ẹgbẹ́, a pa màlúù, a gba kánópì. Owó tí a ná sórí ìsìnkú kan ṣoṣo ìbá ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo wa lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀rọ̀ méjì la mú wá. Ìkíní, ẹni tí kò yẹ ara rẹ̀ wò kò lè sọ pé ara òun le. Ìkejì, ẹni tó yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì ní ẹ̀rí tó.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní báńkì mọ ìkejì yìí dáadáa. Bí oníbàárà bá wá yá owó, a kì í wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ kan ká sì fọwọ́ sí ìwé. Ó lè jẹ́ pé owó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lọ yá láàárọ̀, tó san án síbẹ̀. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà la máa ń bèèrè, ká lè mọ bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà ìdílé, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú bàbá, ìyá àti ọmọ nínú ilé kan, ṣe ń ṣe. Ó ní ìlànà tó ń tẹ̀ lé kó tó sọ pé, "Àìsàn báyìí ló ń ṣe ọ́."

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ńbà méjì ni nọ́ọ̀sì máa ń kà fún wa. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá ń tì í jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni agbára tó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò ni pé bí ti òkè bá tó 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ fi ọjọ́ méjì yẹn sọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, láti 2017 ni àwọn oníṣègùn ọkàn níbẹ̀ ti mú ààlà náà wá sí 130 lókè tàbí 80 nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí àbúrò yín tó wà lọ́hùn-ún bá ní 134 ni wọ́n fi sọ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò parọ́. Ààlà ló yàtọ̀.

Kí nìdí tí ọjọ́ kan kò fi tó? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, tó ń bá ènìyàn jiyàn lórí fóònù, nọ́ńbà rẹ̀ yóò ga. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí dókítà báyìí, àyà wọn á já, ìfúnpá wọn á sì gbéra. Bí a bá fẹ́ wọ̀n ọ́n dáadáa, ká má mu kọfí, ká má fa sìgá, ká má sì ṣe eré ìdárayá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ká lọ tọ̀. Ká jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wa fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, ká má sì sọ̀rọ̀. Bí ìgbànú ẹ̀rọ náà bá kéré fún apá tó tóbi, nọ́ńbà náà yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin ọ̀gbà wa tí ara yín tóbi, ẹ bèèrè fún ìgbànú ńlá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá tó 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, tí orí ń fọ́ni gidigidi tàbí tí àyà ń dunni, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò bá gbé mọ́, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́, ẹ má tilẹ̀ wá ẹ̀rọ kiri. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ti àtọ̀gbẹ náà ní ìlànà tirẹ̀. Bí a kò bá jẹun fún ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ, tí lábù sì rí 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ti wọ ààlà àtọ̀gbẹ. Lábù mìíràn yóò kọ 7.0 dípò 126. Ọ̀kan náà ni wọ́n, bí owó kan náà ṣe lè jẹ́ náírà tàbí dọ́là. Ẹ fi 18 sọ 7 di púpọ̀, ẹ ó rí 126. Nítorí náà, ẹni tó bá rí 7 kó má rò pé ó kéré. Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ báńkì gan-an nìyẹn. Bí ó bá tó 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àtọ̀gbẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC kó sọ fún dókítà kó tó ṣe é, nítorí ẹ̀jẹ̀ pupa irú wọn kì í pẹ́ lára, àyẹ̀wò náà sì lè ṣini lọ́nà. Ẹni tí kò ní àmì àìsàn kankan, àyẹ̀wò kejì ni yóò fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka ní kẹ́mísìtì dára fún ìkìlọ̀, kò sì yẹ ká fi í dájọ́.

Ẹ̀kẹta ni "ibà òun táífọ́ọ̀dù" tí gbogbo wa ń pè pọ̀ bí orúkọ ìbejì. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà. Ní ti táífọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń ṣe fún wa ti wà láti 1896. Kì í wá kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ara wa fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà níbẹ̀ láti ìjà ọjọ́ pípẹ́ tàbí láti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nítorí náà, ìwé Widal kan ṣoṣo kò tó láti fi gbé oògùn mì. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ kí lábù gbin ẹ̀jẹ̀ náà wò. Owó ń lọ sórí oògùn tí kò kan àìsàn, àìsàn gidi á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Àyẹ̀wò ló ń mú àìsàn wá." Ẹ̀yin ọ̀gbà wa, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ìdí nìyí tí a fi mú àbá mẹ́ta wá. Kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ìfúnpá tó dára pẹ̀lú ìgbànú méjì, kékeré àti ńlá, kí a sì máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ní ìpàdé oṣooṣù wọn ara wa. Kí olúkúlùkù ní ìwé kékeré tirẹ̀ tí yóò máa kọ ọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé nọ́ńbà ẹlòmíràn jáde nínú ìpàdé. Kí a yọ díẹ̀ nínú owó ìsìnkú, kí a fi san àyẹ̀wò ṣúgà ní lábù fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga lẹ́ẹ̀mejì, dókítà ni kó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Kó má ra oògùn fúnra rẹ̀, kó má sì lo oògùn tí wọ́n kọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

A ti fi ọdún mẹ́wàá dá aṣọ jọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ ṣọ́ ara wa. Ọlọ́run kò ní dín wa kù. Ẹgbẹ́ wa yóò máa lọ síwájú.