Ohùn tí Ń Gbọ̀n àti Ohùn tí Ó Dúró Ṣinṣin

Ọ̀rọ̀ orin ni mo mú wá lónìí, àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ilé-ìwé kan. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá fa orin gùn, ohùn náà a máa gbọ̀n. Ìdíje orin ń bọ̀, mo sì ń wá ipò kìn-ín-ní. Mo pè é sẹ́yìn, mo ní, “Bí a bá dé ibẹ̀, ẹnu ni kí o máa là, má jẹ́ kí ohùn jáde.” Ó ní, “Ó dáa, sà.” Ó ṣe bí mo ti wí. Ipò kejì ni a gbà. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí kò ti wá sí ibi ìkọ́rin mọ́.

Kí ni ohùn gbígbọ̀n yìí gan-an? Àwọn ará Ítálì ń pè é ní vibrato, orúkọ náà ni àwọn olórin káàkiri ayé sì ń lò. Bí olórin bá di ohùn kan mú, ohùn náà a máa gòkè díẹ̀, a tún máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, bíi ìgbà márùn-ún sí méje láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀mọ̀wé Carl Seashore, ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ wọn ohùn àwọn olórin ńlá, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1932. Ìyanu ibẹ̀ ni pé bí ohùn náà ti ń lọ sókè-sódò tó, ohùn kan ṣoṣo ni etí wa ń gbọ́. Gbígbọ̀n náà ti yọ́ sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ti ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Adùn rẹ̀ nìkan ni a ń mọ̀.

Bí ó bá dára báyìí fún ẹni tí ń dá kọrin, èé ṣe tí ó fi ń di ìjà nínú ẹgbẹ́ akọrin? Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí ìró kan bá ń mi afẹ́fẹ́ ní ìgbà 440 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń mì ín ní ìgbà 444, ẹ ó gbọ́ tí ìró méjèèjì yóò máa le, tí yóò sì máa rọ̀, ní ìgbà mẹ́rin láàrin ìṣẹ́jú àáyá náà. Ìwọ̀nyí kò ju méjì lọ. Bí ogún ènìyàn bá wá ń gbọ̀n, tí oníkálukú ń gbọ̀n ní ìwọ̀n tirẹ̀, ibi tí àwọn ohùn náà ti pàdé yóò rú bí omi tí ẹsẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn olùdarí kan ṣe fẹ́ ohùn tí ó dúró ṣinṣin. F. Melius Christiansen, tí ó dá ẹgbẹ́ akọrin St. Olaf sílẹ̀ ní Minnesota ní ọdún 1912, fẹ́ kí gbogbo akọrin dún bí ẹnìkan. John Finley Williamson, tí ó dá ẹgbẹ́ akọrin Westminster sílẹ̀ ní Ohio ní ọdún 1920, ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí olúkúlùkù fi gbogbo ohùn rẹ̀ kọrin bí ẹni tí ń dá kọ ọ́. Àwọn méjèèjì ni ayé yìn. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀kan nínú wọn kò mọ orin.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún ní apá mìíràn. Ní ọdún 1953 ni T. K. Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin Yorùbá ti so pọ̀ mọ́ra. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Gbígbọ̀n kékeré kò lè ba èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ń fì bí ewé kókò nínú afẹ́fẹ́, olùgbọ́ kò ní mọ èyí tí a ń wí. Ẹ wo onílù dùndún: bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n lórí ọṣán, ta ni yóò gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ? Síbẹ̀, ẹ rántí ọmọge tí ń sun ẹkún ìyàwó. Bí ohùn tirẹ̀ kò bá gbọ̀n rárá, ta ni yóò gbà pé ó ń sunkún? Ohun tí a ń kọ ni yóò sọ bí a ó ti kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ orin, ẹ kọ́kọ́ mọ irú gbígbọ̀n tí ẹ ń gbọ́. Èyí tí ó yára tí ó sì kéré, ẹ̀bùn ni. Èyí tí ẹ̀rù tàbí àìtó èémí fà, ẹ kọ́ ọmọ náà bí a ti ń mí, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Èyí tí ó lọ́ra tí ó sì fẹ̀, àárẹ̀ tàbí ọjọ́ orí ni ó sábà ń fà á. Ẹ dín ariwo kù, ẹ má sì fi ipá mú un kọ ohùn tí ó ga jù. Ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀ kí ohùn lè dúró, nítorí kì í pẹ́ tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ fi ń há. Ẹ ní kí ó rọra kọrin, kí ó máa tẹ́tí sí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbogbo yín sì máa la ẹnu bákan náà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé ohùn ń sún mọ́ ohùn.

Ìka kò dọ́gba, àgbájọ ọwọ́ sì ni a fi ń sọ̀yà. Iṣẹ́ olùdarí ni láti kó ìka tí kò dọ́gba jọ. Èmi gé ọ̀kan kúrò, mo sì ń retí kí ọwọ́ náà lágbára. Bí ọmọbìnrin ọjọ́ náà bá ń gbọ́ mi lónìí, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ohùn rẹ kò ní àbùkù. Èmi ni n kò tíì mọ bí a ti ń gbọ́ ọ.