Díẹ̀díẹ̀, Lójoojúmọ́
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì wa bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ní Atlanta)

A mọ̀ pé ìrẹsì ti ń ta sánsán, a kò ní pẹ́.

Àwa tí a máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ti ṣàkíyèsí ohun kan. Bí a bá béèrè pé, "Ṣé ẹ lo oògùn yín lónìí?" ẹ ó ní, "Orí kò fọ́ mi, n kò lò ó." Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in, ibì kankan kì í dùn wọ́n. Bí a bá sì dá oògùn dúró, ẹ̀jẹ̀ á tún ru padà. Georgia tí a ń gbé yìí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti ń pa ènìyàn ju ibòmíràn lọ.

A kò bú yín o. Àwa náà jẹ̀bi. Iṣẹ́ alẹ́ wákàtí 12 la ń ṣe. À ń wọn ti ẹlòmíràn, a kò wọn ti ara wa. Lọ́jọ́ tí a so ẹ̀rọ mọ́ apá ara wa, 168 lórí 102 ló kọ. Ojú tì wá. A ra bàtà olówó ńlá, a sáré gun Stone Mountain ní Sátidé. Ní Mọ́ńdè, a kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Oṣù méjì ni bàtà fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ohun tó wá gbà wá kò le rárá. A gbé oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ eyín: bí a bá fọ eyín tán, a ó lò ó. Bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó fi ìṣẹ́jú 10 rìn ládùúgbò kí a tó wọlé. Nígbà tó mọ́ wa lára, ó di 20, ó di 30. Márùn-ún lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 150 tí àwọn dókítà ń fẹ́ nìyẹn.

Ìwádìí kan tí Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní University College London, tó jáde nínú ìwé ní 2010, fi hàn pé nǹkan bí ọjọ́ 66 ni ìṣe tuntun sábà máa ń gbà kó tó mọ́ni lára. Ó yá fún àwọn kan, ó pẹ́ gan-an fún àwọn mìíràn. Bí ènìyàn bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, kò ba iṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ má sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ padà lọ́la.

Kí ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀ tó jáde, nǹkan bí 90 ọjọ́ ni. Kí olúkúlùkù mú ẹyọ ohun kan ṣoṣo: oògùn, ìrìn, tàbí kí a dín iyọ̀ àti Maggi inú ọbẹ̀ kù. Kí ó so ó mọ́ ohun tó ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀. Bí oògùn bá ń dà yín láàmú, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Bí ẹnì kan bá ṣubú nínú wa níbí, ilé méjì ló ṣubú: èyí tó wà ní Atlanta, àti èyí tó ń retí wa nílé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A kò ní ṣàìsàn o.