Ìwádìí àti Ìkúnlẹ̀: Bí A Ti Ń Ka Bíbélì Láàrin Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìjọ sọ ní ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

  Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ni ó ní kí àwa, tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kátíkíìsì tí a sì máa ń kọ ìtàn ìjọ sílẹ̀, wá sọ̀rọ̀ lórí bí ó ti yẹ kí Kristẹni máa ka Ìwé Mímọ́. Ìtàn àwọn tí ó kọ́ ilé ìsìn yìí wà ní ojú-ìwé mìíràn pẹ̀lú àwòrán wọn. Ọ̀rọ̀ tiwa kò ní àwòrán, ẹ̀bi kan ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bi náà sì jẹ́ tiwa.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú kíláàsì Bíbélì tí a ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ajégúnlẹ̀, tí ó ń lọ sí yunifásítì nígbà náà, dìde lórí àga rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kátíkíìsì, ta ni ó kọ́kọ́ fi orúkọ Èṣù pe ọ̀tá Ọlọ́run? Bàbá àgbà mi sọ fún mi pé Èṣù tí àwọn mọ̀ ní ìgbà èwe wọn kì í bá Olódùmarè jà. Wọ́n ní ìránṣẹ́ ni.” A kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. A ní kí ó jókòó. A ní ẹni tí ó bá ń gbèjà Èṣù nínú ilé Ọlọ́run, kí ó lọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́, inú wa sì dùn sí àtẹ́wọ́ náà. Ọmọ náà rọra pa Bíbélì rẹ̀ dé. Kò sì wá mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá rẹ̀, tí ó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Boundary, tọ̀ wá wá. Kò bá wa jà. Ó kúnlẹ̀ kí wa gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, ó ní, “Bàbá, ọmọ mi kò lọ sí ìjọ kankan mọ́. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ ní kátíkísìmù. Ó ní ibi tí ènìyàn kò ti gbọdọ̀ béèrè ọ̀rọ̀, òun kò ní nǹkan í wá níbẹ̀.” Ó dìde, ó lọ. Oorun kò kùn wá ní òru ọjọ́ náà.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé àwa mọ ìdáhùn ìbéèrè náà, tàbí kí a ní a mọ ibi tí ìdáhùn wà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú àwa tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tọ́ dàgbà? Àjàyí ọmọ Òṣogùn ni, tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí a gbà sílẹ̀ lórí òkun ní ọdún kejì, tí ó di Samuel Àjàyí Crowther ní Freetown, tí a sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tí ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown ní January 1844, tí ó sì gbàdúrà, “Kí ó ṣẹ” ni àwọn ènìyàn fi dáhùn. Ẹ fi etí sí ìdáhùn náà. Àdúrà ti di tiwọn nítorí pé èdè rẹ̀ jẹ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n kí èdè tó lè gbé Ìwé Mímọ́, Àjàyí ní láti di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó jókòó ti àwọn àgbà tí kò tíì gba Jésù gbọ́, ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń pa òwe, bí wọ́n ti ń dá ẹjọ́, bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níbi òkú, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé bí òun bá ń tọpa ọ̀rọ̀ kan, ó máa ń mú òun dé inú ìtàn àti àṣà àwọn Yorùbá. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti fi ọdún mọ́kànlá kó jọ sì run pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá! Bí ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ wa bá sọnù fún ọjọ́ kan péré, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ariwo wa. Òun tún padà sídìí iṣẹ́.

Ìwé sí àwọn ará Róòmù ni ìwé Bíbélì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ jáde nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ní 1850. Èyí yà wá lẹ́nu títí di òní. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, ìtàn Jóòná tàbí ti Rúùtù ni à bá fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n rọrùn. Ìwé tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ṣì ń yẹra fún ni òun fi ṣáájú. Kò sì dá iṣẹ́ náà ṣe. Thomas King bá a ṣe é ní Abẹ́òkúta, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì bí Hinderer lọ́wọ́ sí i pẹ̀lú, a sì rí odindi Bíbélì gbà ní 1884, ọdún méje kí Crowther tó sùn nínú Olúwa. A tún tún un ṣe ní 1900. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú àwọn tí ń tún ìtumọ̀ ṣe, kí ẹ mọ̀ pé Bíbélì tí ẹ dì mú ṣinṣin yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ èyí tí a tún ṣe.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn. Àlùfáà, wòlíì àti àdúrà ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa kí Ìhìnrere tó dé Bàdágìrì. Wọn kò tìtorí èyí sọ wọ́n nù. Ìdáǹdè àti ìràpadà, ẹ̀wẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gbóná lẹ́tí àwọn tí ó kọ́kọ́ kà wọ́n, nítorí pé kò sí agbo ilé tí ogun kò kó nínú rẹ̀. Olúkúlùkù mọ ọmọ ẹni tí ó wà nínú ìdè, ó sì mọ iye tí ẹbí san láti ra ọmọ tiwọn padà. Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí. Ta ni nínú wa ni ó ń ka ọ̀rọ̀ náà báyìí lónìí?

Nígbà tí wọ́n dé orí ẹni tí àwọn Gíríìkì ń pè ní diabolos, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ abanijẹ́ tàbí olùfisùn, Èṣù ni wọ́n mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tí ó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ilẹ̀ wa, kọ̀wé ní 1962 pé Èṣù àwọn baba wa yàtọ̀ sí èṣù inú Májẹ̀mú Tuntun, àti pé ẹni tí ó jọ jù ni Sátánì inú ìwé Jóòbù, tí ó ń dán ènìyàn wò. Ohun tí ọmọ Ajégúnlẹ̀ wa béèrè gan-an nìyí, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ka ìwé náà nígbà tí ó béèrè rẹ̀. Ní tiwa, a kò fẹ́ kí a yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú Bíbélì. Ó ti ju àádọ́jọ ọdún lọ tí ó ti wà lẹ́nu Kristẹni, ó sì ti mú ìtumọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti jẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run, a sì jẹ́wọ́ níwájú yín, pé ìbéèrè náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú.

Kí àwọn tí ó kàwé má ṣe tìtorí èyí yọ̀ jù. A ti jókòó gbọ́ ìwàásù kan, a kò ní sọ ibi tí ó jẹ́, níbi tí oníwàásù ti lo wákàtí kan láti pín Ìwé Márùn-ún Mósè sí ọwọ́ àwọn tí ó kọ apá kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí ó tọ̀nà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin kan wà níwájú rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná fíofío. Ó gbé ọmọ náà wá nítorí pé ó ń wá ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu Ọlọ́run. Ó gbé e padà lọ bí ó ti gbé e wá.

Irú ebi bẹ́ẹ̀ ni ó pa àwọn kan ní ìjọ St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàdáre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ fún àdúrà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Òkúta Iyebíye sílẹ̀. Wọ́n ka ohun tí Jákọ́bù kọ nípa àdúrà lórí aláìsàn, wọ́n sì gbà á bí a ti kọ ọ́. Láàrin wọn àti ìjọ Áńgílíkà, èdè-àìyedè dé lórí oògùn àti lórí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, wọ́n sì fi wá sílẹ̀ ní 1922. Àwa kò tẹ̀lé wọn lórí ọ̀ràn méjèèjì. Àwọn ọmọ-ọmọ wa ni a ń gbé wá fún ìrìbọmi, a sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní àràárọ̀. Síbẹ̀, wọ́n ka Bíbélì bí ẹni tí lẹ́tà dé bá láti ọwọ́ baba rẹ̀. Ẹni tí ó bá jí ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ yóò gbọ́ ohùn àwọn arọ́pò wọn láti ojúlé dé ojúlé. Bí a bá ń bi ara wa pé níbo ni àwọn ọmọ wa lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà níbẹ̀, wọ́n ń ka Sáàmù pẹ̀lú omijé.

A padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ní ọjọ́ kejì tí ìyá rẹ̀ wá, a lọ sí ilé wọn. Òjò ti rọ̀, omi gba gbogbo ojú ọ̀nà, a ká ṣòkòtò wa sókè, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń fi wá rẹ́rìn-ín. A bá a lórí bẹ́ǹṣì. A ní, “Ọmọ wa, àwa ni a ṣẹ̀ ọ́.” Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ó ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá.” A bi í léèrè ohun tí ó ń kà. Ó fi ìwé kan hàn wá tí ó fi ń kọ́ èdè Gíríìkì fúnra rẹ̀. Ọmọ tí a lé nítorí ìbéèrè kan wà nínú yàrá, ó ń wá Olúwa lọ́nà tí kò sí ẹni tí ó bá a rìn.

A ní kí ó ka fún wa níbi tí Olúwa ti bá Nikodémù sọ̀rọ̀ ní òru. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pneuma, ni Jòhánù lò fún Ẹ̀mí àti fún afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ síbi tí ó wù ú, àti pé bákan náà ni ó rí nínú èdè Hébérù. Èdè tiwa ni ó pín in sí méjì. Àwa ti kọ́ ènìyàn ní orí ìwé yìí fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ, a kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀, tí ó ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀, gbé ojú sókè. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí omi ni a bí i sí, kò sì kàwé. Ó fi ọwọ́ sí abẹ́ imú rẹ̀, ó mí sórí rẹ̀, ó ní, “Ṣé èémí yìí náà ni? Ẹ̀mí àti èémí?” Ọmọ náà ní, “Ẹ̀ẹ́n, Màámi, ó súnmọ́ ọn.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ní orí omi, ènìyàn kì í rí afẹ́fẹ́. Ìgbòkun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ara ọkọ̀ á sì mọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní ìdí nìyí tí òun fi máa ń gbàdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ariwo kò tíì sí, kí òun lè mọ ìgbà tí Ó bá dé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúnlẹ̀ láàrin apẹ̀rẹ̀ ẹja, a sì gbàdúrà. Ẹ má bi wá pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wa ní ọjọ́ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti padà sí kíláàsì, bí kò tilẹ̀ wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. A ti ṣe ìyípadà díẹ̀. A kọ́kọ́ máa ń ka ẹsẹ náà nínú Bíbélì àtijọ́, a ó sì tún un kà nínú ìtumọ̀ òde òní. Ilé Bíbélì kò jìnnà sí wa, òpópónà Wharf ní Àpápá níhìn-ín ni ó wà, ti Bible Society ilẹ̀ wa tí a dá sílẹ̀ ní 1966. Ní àwọn ọdún tí tírélà to sí gbogbo ọ̀nà èbúté, àwa fi ẹsẹ̀ gba àárín wọn lọ ra ẹ̀dà méjì níbẹ̀. Lẹ́yìn kíkà, ẹnikẹ́ni lè béèrè ohun tí ó bá fẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tí ó ṣòro fún àwọn àgbà ju àwọn ọmọdé lọ.

Ìbéèrè nípa Èṣù kò tíì parí. Àwọn kan nínú kíláàsì kò gbà, wọ́n sì ti sọ fún wa ní ojú wa pé ọjọ́ ogbó ti ń mú wa rọ̀. Ní Ọjọ́rú tí ń bọ̀, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a ó ka orí kìíní ìwé Jóòbù. Ọmọ wa sọ fún wa pé nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ dàbí orúkọ oyè, bí ìgbà tí a bá ní “olùfisùn náà”. A bẹ ẹ̀yin Ẹni Ọ̀wọ̀ Àlùfáà tí ẹ kọ́ Hébérù, bí ẹ kò bá tíì padà sílé, kí ẹ dúró bá wa wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí ó bá ní àtùpà mú un lọ́wọ́, nítorí iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.