Ibo lẹ ti fẹ́ pàdé, ta ló sì mọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Barking

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí Yorùbá máa ń sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ láàárín ara wa, ìta ni àwọn ọmọ wa yóò ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ti lílọ pàdé ẹni tí a kò mọ̀ rí, tó jẹ́ pé orí fóònù la ti bá a sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ nítorí ìfẹ́. Ó sì lè jẹ́ nítorí owó, bíi ti àwọn tí wọ́n ń pè ní escort àti àwọn tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn. A kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bí ẹni tó jáde nílé yóò ṣe padà wálé láyọ̀ la wá sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ní Barking níbí, láàárín 2014 sí 2015, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stephen Port, tó ń gbé ní Cooke Street, pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin. Ẹni ọdún 21 ló kéré jù nínú wọn, ẹni ọdún 25 ló dàgbà jù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti bá wọn pàdé, oògùn kan tí wọ́n ń pè ní GHB ló sì fi pa wọ́n. Iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti rí òkú ẹni àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù, inú itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret's àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, níbi tí púpọ̀ nínú wa ń gbà kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ yẹn, a sì máa ṣe iṣẹ́ escort lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ èké ni Port fi bá a sọ̀rọ̀, ó sì ṣèlérí £800 fún un. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ.

Ẹ wá gbọ́ o. Stéṣàn Barking ni ọmọ yìí ti pàdé rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹni kẹrin ti pàdé rẹ̀. Iná wà níbẹ̀, èrò wà níbẹ̀, kámẹ́rà wà níbẹ̀. Kí ló dé tí kò gbà wọ́n là? Nítorí pé wọn kò dúró síbẹ̀ ni. Láti ibẹ̀, ilé rẹ̀ ni wọ́n bá a lọ. Ibi ìpàdé kejì ni ewu wà, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, àwòrán kámẹ́rà stéṣàn yẹn, àti àwọn arábìnrin ẹni kẹrin tí wọn kò jẹ́ kí ọlọ́pàá sinmi, wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mú Port ní October 2015. Ní November 2016, ilé ẹjọ́ Old Bailey rán an lọ sẹ́wọ̀n títí ayé rẹ̀. Ní December 2021, àwọn jury tó gbọ́ ìwádìí ikú náà, ní Barking Town Hall níbí, sọ pé ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe àwọn ọlọ́pàá wà lára ohun tó fa ikú àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹjọ́ sùn, ẹ gba nọ́ḿbà ẹjọ́ náà, ẹ kọ orúkọ ọlọ́pàá àti ọjọ́ sílẹ̀. Àwa tí a ń ṣírò owó mọ̀ pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀, ó ṣòro láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí:

1. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ibi tí èrò wà ni kí ẹ ti pàdé, kí ẹ sì ti tú ká níbẹ̀. Ẹ má wọ mọ́tò rẹ̀, ẹ má bá a lọ sílé, ẹ má sì júwe ilé tiyín. Ẹ fi owó ọkọ̀ tí yóò gbé yín padà sápò.

2. Kì í ṣe gbogbo ayé ló gbọ́dọ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ fún un ní orúkọ, nọ́ḿbà fóònù, àwòrán, ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ ó padà. Bí aago náà bá kọjá, kí ó pè yín.

3. Ẹ má fi ohun mímu yín sílẹ̀. GHB kò ní àwọ̀ tí ojú lè rí.

4. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò tú àṣírí yín bí ẹ kò bá sanwó, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tó san lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò tún padà wá bá a. Ẹ tọ́jú gbogbo ohun tó kọ ránṣẹ́, kí ẹ sì fi lọ ọlọ́pàá.

5. Bí ewu bá dé, ẹ pe 999. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, tó sì jẹ́ fóònù alágbèéká lẹ fi pè, ẹ tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó, ẹ mọ òfin o. Ní England, àgbàlagbà tó ń fi ara rẹ̀ gba owó kò ṣẹ̀ sófin nítorí ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanwó fún ẹni tí wọ́n fipá mú tàbí tí wọ́n tàn jẹ ti ṣẹ̀, ì báà sọ pé òun kò mọ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Bí ẹ bá rí ọmọbìnrin tí wọ́n gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fi ṣòwò, ẹ pe 08000 121 700. Wọn kò ní fi dandan béèrè orúkọ yín.

Ẹ̀yin òbí, tiwa ló kù. Ọmọ tó mọ̀ pé èébú la ó kọ́kọ́ bú òun kò ní pè wá ní aago méjì òru. Lára àwọn tí Port pa, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni wọ́n, ẹ sì mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nínú ilé wa. Ohun yòówù kí ọmọ rẹ jẹ́, sọ fún un lálẹ́ òní pé: "Níbikíbi tí o bá wà, pè mí, n óò wá mú ọ. A ó sọ̀rọ̀ tó bá di àárọ̀."

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún sin ọmọ.