Abẹ́rẹ́ Nìkan Kò Tó fún Ọ̀dọ́ Alátọ̀gbẹ

Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí ń jẹ́ Leonard Thompson gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Òun ni alátọ̀gbẹ àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Abẹ́rẹ́ ìṣáájú kò ṣe é ní àǹfààní púpọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 12 ni wọ́n fún un ní èyí tí wọ́n tún sẹ́ kí ó mọ́, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ṣáájú ìgbà náà, ṣe ni àwọn dókítà ń fi oúnjẹ du irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ikú lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Thompson tún lo ọdún 13 sí i láyé.

Bí àìsàn kan náà bá mú ọmọ ọdún 14 lónìí ní Atong Abè, àdúgbò kan ní Libreville, olú-ìlú Gabon, oògùn ti wà. Ta ni yóò kọ́ ọ ní bí a ti ń lò ó? Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni dókítà ń rí i lọ́dún. Ní gbogbo ìgbà yòókù, nílé àti nínú kíláàsì, ọwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Láti ọdún 1983 títí di 1993, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tọ alátọ̀gbẹ 1,441 lẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́dún 13 sì wà lára wọn. Àwọn tí a kọ́ láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ìgbà mẹ́rin lójúmọ́, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n bá rí díwọ̀n abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ, ewu àìsàn ojú dínkù lára wọn ní ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń já wálẹ̀ lójijì ju ti àwọn yòókù lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwọn olùkọ́. Ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ tí kò sì jẹun yóò làágùn, yóò gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má dọ́gba mọ́; ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó mutí ni. Ṣúgà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí a fún un lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, kí a má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Ooru pẹ̀lú ń ba ínsúlíìnì jẹ́. Níbi tí kò sí ẹ̀rọ amómitutù, àwọn ènìyàn a máa fi í pamọ́ sínú ìkòkò amọ̀ tí a fi omi rin, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń fi amù mú omi tutù. Ọgbọ́n náà dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin bíi ti Libreville kì í jẹ́ kí ìkòkò tutù tó ti ilẹ̀ gbígbẹ.

Àwọn òbí mìíràn a máa dá abẹ́rẹ́ náà dúró nítorí àgbo tàbí àdúrà. Àìsàn yìí kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe ṣúgà jíjẹ ni ó fà á: ara ọmọ náà ni kò pèsè ínsúlíìnì mọ́, bí a bá sì dá abẹ́rẹ́ dúró, ó lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ náà pẹ̀lú lè máa fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ìtìjú, kí ó sì fo èyí tí ó yẹ kí ó gbà lọ́sàn-án. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó bá gbà á láyè láti mú ṣúgà sápò, láti jáde lọ tọ̀ nígbà tí ó bá ń gbọ̀n-ọ́n, àti láti gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ti ṣe ohun tí dókítà kò lè bá a ṣe.