Gbèsè Ọjọ́ Ìyàwó



Yìgì kò ṣòro í so ní Ilorin. Aláṣẹ ìyàwó a fi í fún ọkọ, ẹlẹ́rìí méjì a jókòó, a ó san sàdáàkì. Nínú ìlànà Imam Málíkì tí àwọn baba wa gbà, ìdámẹ́rin dínárì wúrà, nǹkan bíi gíráàmù 1, ti tó fún sàdáàkì. Gbọ̀ngàn, alásè, ayàwòrán, alága ìdúró tí a háyà, ọjà ni gbogbo wọn. N kò bá ọlọ́jà jà. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti pé, ìbáà ṣe pé ilé náà dúró tàbí ó tú.

Nígbàtí ìyàwó bá lóyún, tí onílé sì ń bèèrè owó, nígbà náà ni olówó èlé ń kanlẹ̀kùn. Gbèsè yìí ni ìdí ọ̀pọ̀ ìjà tí a ń pè wá láti parí, ṣùgbọ́n tọkọtaya kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. (Òfì tí a ń hun nílùú yìí kò sí nínú ẹ̀sùn mi: ìyàwó lè tọ́jú rẹ̀ de ọmọ. Aṣọ ẹbí alọ́jọ́-kan ni mo ń bá wí.)

Nítorínáà, ẹ̀yin baba ìyàwó, nígbàtí àna bá dé, ẹ bi í léèrè yàrá tí wọn yóò sùn àti iṣẹ́ tí yóò bọ́ wọn, kí ẹ tó bèèrè gbọ̀ngàn.