Ẹ Kọ Orúkọ Ẹni Tó Fín Oògùn Sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tó ń gba lébìrà láti bá a fín oògùn apakòkòrò sí oko kòkó.

Ẹ rántí Gamalin 20 tí a lò sí kòkó fún ọdún púpọ̀. Lindane ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé lindane máa ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ta ló fín in lóko yín nígbà náà? Ọjọ́ mélòó ló fi fín in? Bí kò bá sí nínú ìwé, ta ni yóò sọ ọ́ fún dókítà?

Májèlé mìíràn kì í tètè fara hàn. Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà fi ní kí àwọn ilé iṣẹ́ pa irú àkọsílẹ̀ yìí mọ́ fún 30 ọdún, ó kéré tán.

Tiwa kò le. Ẹ ra ìwé kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fín oògùn gan-an, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sínú rẹ̀:

1. Ọjọ́ náà, àti orúkọ ẹni tó fín in.
2. Orúkọ oògùn àti nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ike.
3. Ìwọ̀n tí ẹ pò mọ́ omi, àti wákàtí tó fi ṣiṣẹ́.
4. Ohun tó wọ̀ sára, àti bóyá orí fọ́ ọ tàbí èébì gbé e.

Ẹni tí kò mọ̀wé, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá a kọ ọ́. Bí lébìrà bá dákú, ẹ mú ike àti ìwé náà lọ sí ọsibítù pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá sì ń kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ da tirẹ̀ kọ fún un, nítorí níbi tí àìsàn bá ti bá a, ẹ̀yin lè má sí níbẹ̀.

Ire o.